Ìdí Tí Mo Fi Ní Kí Wọ́n Má Gbé Ṣúgà Lọ sí Ìfọ́n

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú lọ́nà. Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́ lẹ́ẹ̀kejì láyé yín, nígbà tó yẹ kí ẹ máa nasẹ̀ kí ẹ sì máa gba atẹ́gùn. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí ilẹ̀ ti tutù ju ohun tí eékún lè fara dà lọ. Ẹ bá mi kí Fúnkẹ́ àbúrò mi ní Ìfọ́n, ẹ ní mo kí i kú wàhálà àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ń kọ́. Ẹ kí Ìyá Ráṣídà aládùúgbò wa. Ẹ ní mo wí pé Ọlọ́run Ọba ni yóò san án fún un, nítorí n kò ní ohun tí mo lè fi san án. Ẹ wá bá mi gbọ́wọ́ lé Dayọ̀ ọmọ mi lórí, kí ẹ sì ṣe àmín sí i.

Ẹ mọ̀ pé èdè Ọ̀wọ̀ ni mo fi ń ronú títí di òní yìí, bí n kò tilẹ̀ rí ẹnìkan tí mo lè sọ ọ́ sí níbí. Yorùbá tí gbogbo wa jọ gbọ́ ni mo fi kọ èyí, nítorí mo fẹ́ kí àwọn mìíràn tó fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ òbí wọn bá wa kà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Bàbá mi, mo mọ̀ pé inú yín kò dùn sí mi. Láti ọjọ́ tí mo ti já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ yín lẹ́nu lórí fóònù, lójú Fúnkẹ́, lójú dókítà ẹran, lójú àwọn ará àdúgbò, ẹ kì í bá mi sọ̀rọ̀ pẹ́ mọ́. Bí mo bá pè, ẹ ó jẹ́ ìkíni mi, ẹ ó bèèrè bóyá ara mi le, ẹ ó sì gbé fóònù fún Dayọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fi gbogbo agbára yín ṣiṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, tí àwọn alága pàápàá máa ń dákẹ́ kí ẹ sọ tẹnu yín tán, ọmọ tí ẹ bí ló wá ní kí ẹ dúró. Ohun tí ẹ kò mọ̀ nígbà náà ni mo fẹ́ sọ fún yín báyìí. Mo ti gba àṣẹ lẹ́nu Dayọ̀ kí n tó kọ ọ́.

Kí ẹni tí kò mọ̀ wá má baà sọnù, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn ẹranko náà. Nígbà tí ìrìn-àjò mi kù sí dẹ̀dẹ̀, mo ra ẹmọ́ òyìnbó méjì fún Dayọ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń sìn wọ́n ní Upenmen, nítòsí Ìsùàdà wa. Ó jọ ẹmọ́ oko, ṣùgbọ́n kò nírù, ó sanra rọ̀bọ̀tọ̀, koríko àti ewé ló ń jẹ. Gínípíìgì ni wọ́n ń pè é níbí. Bàbá Dayọ̀ ti sùn nínú Olúwa kí ọmọ náà tó mọ̀ ọ́n rìn, èmi náà tún ń lọ, mo wá rò ó pé kó máà jẹ́ pé yóò jí láàárọ̀ kó má rí ohun tí yóò máa ké sí. Akọ ni méjèèjì. Inú àgò kan náà ni wọ́n ti dàgbà, wọn kì í sì í sùn bí ara wọn kò bá kan ara wọn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yan akọ méjì, kí wọ́n má baà máa bímọ sí yín lọ́rùn. Dayọ̀ sọ èyí tó pọ́n ní Gàrí, ó sọ funfun ní Ṣúgà. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ bèèrè pé ìgbà wo ni wọn yóò tó ó fi sọbẹ̀, Dayọ̀ kò sì bá yín sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tó yá, ẹ̀yin náà ni ẹ wá ń já ewé ọ̀dùnkún fún wọn láràárọ̀ kí ẹ tó fi omi bọ́jú.

Ní tèmi, iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń gé ẹja, tí wọ́n ń dì í sínú páálí, ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ìlú kékeré létí òkun ní Kánádà yìí. Ibẹ̀ tutù bí inú fìríìsà, nítorí ẹja kò gbọdọ̀ gbóná. Bàtà rọ́bà ń bẹ lẹ́sẹ̀ wa, ìbọ̀wọ́ méjì méjì ń bẹ lọ́wọ́ wa, síbẹ̀ ìka mi máa ń kú títí mo fi ń délé. Bí a bá jáde, yìnyín ni. Ìlú á funfun, á dákẹ́, bí ilé tí wọ́n ti kó ẹrù inú rẹ̀ tán. Wọ́n gé orúkọ mi kúrú síbi tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ọ̀sẹ̀ kan lè lọ kí n má gbọ́ Rónkẹ́ bó ṣe yẹ kó dún àfi tí ẹ bá pè. Owó tí mo ń fi ránṣẹ́ kò tó bí mo ṣe fẹ́, ẹ sì kì í ṣàròyé. Mo ń rí gbogbo rẹ̀. N kò gbọdọ̀ gbé fóònù wọ ibi tí a ti ń gé ẹja, inú kọ́bọ́ọ̀dù ni ó máa ń wà títí di àkókò ìsinmi. Ẹ rántí èyí bí ẹ bá dé iwájú.

Ọwọ́ ire ni Fúnkẹ́ fi dá wàhálà náà sílẹ̀. Ó rí abo ẹmọ́ òyìnbó kan ní Ìfọ́n, ó ní àwọn ọkùnrin méjì yìí nílò ìyàwó, ó gbé e wá, ó sì gbé agbọ̀n rẹ̀ ti àgò wọn. Láti ọjọ́ náà ni Gàrí ti yí padà. Dayọ̀ ló kọ́kọ́ sọ fún mi. Ó ní Gàrí ń gbọn ìdí, ó ń kùn bí ẹ́ńjìnnì, ó sì ń payín keke sí Ṣúgà. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ìpayínkeke inú Bíbélì ni. Dayọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ rárá tí ẹ̀yin náà fi pè mí pé ẹ̀jẹ̀ ti dé, pé etí Ṣúgà ti ya, ojú egbò sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tó wú bí eéwo. Ó sá sí kọ̀rọ̀, kò jẹun. Bí ọwọ́ bá kàn án, ó ń ké.

Dókítà ẹran wá láti Ọ̀wọ̀. Ó fọ egbò náà, ó gún un lábẹ́rẹ́, ó ní akọ méjì tó bá ti ta ẹ̀jẹ̀ ara wọn sílẹ̀ kò gbọdọ̀ sùn pọ̀ mọ́, bí a bá fi wọ́n sílẹ̀, ọ̀kan yóò pa èkejì. Òótọ́ ló sọ. Ó tún sọ ohun kan tí gbogbo wa gbọ́: bí wọ́n bá lọ jìnnà síra wọn, tí wọn kò gbọ́ òórùn ara wọn mọ́, àlejò ni wọn yóò jẹ́ lójú ara wọn tí wọ́n bá tún pàdé. Ẹ wá ní kí Fúnkẹ́ gbé Ṣúgà lọ sí Ìfọ́n pẹ̀lú abo náà. Mo ní ó dára. Ẹ ní kí a sọ fún Dayọ̀ pé fúngbà díẹ̀ ni, pé bí ara rẹ̀ bá yá yóò padà wálé. Mo ní ìyẹn náà dára. Bí àgbà ṣe ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀ nìyẹn, n kò rí nǹkan kan níbẹ̀.

Ibi tí ẹ kò mọ̀ nìyí, Bàbá mi.

Ní Ọjọ́bọ̀ tí ẹ lọ sí ìpàdé àwọn àgbà ìjọ, Dayọ̀ lọ bá Ìyá Ráṣídà, ó ní kó jọ̀ọ́ kó bá òun pe màmá òun. Àkókò ìsinmi ni fún wa, mo ń mu tíì. Ó kí mi dáadáa bí ẹ ṣe kọ́ ọ. Ó wá bèèrè bóyá lóòótọ́ ni Ṣúgà yóò padà wá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá ní Bàbá àgbà sọ pé oṣù tó ń bọ̀ ni mo máa ránṣẹ́ wá mú òun. Ó ní ẹ sọ bẹ́ẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń wa iṣu, ẹ sì tún sọ bẹ́ẹ̀ nígbà Kérésì. Ó ní òun ti mọ̀ pé bí àgbàlagbà bá sọ pé fúngbà díẹ̀, ohun náà kì í padà wá. Mo fẹ́ dá a lóhùn, ó ní kí n jẹ́ kí òun sọ ọ́ tán. Ó ní kì í ṣe pé òun ń sunkún nítorí mi. Ó ní òun kàn ò fẹ́ kí Ṣúgà lọ síbi kan kó máa retí ni.

Bàbá mi, tíì náà tutù lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n má sọ fún yín, kí ẹ má baà rò pé òun ń fi yín sùn. Aago dún, wọ́n ní kí a padà sẹ́nu iṣẹ́.

Nígbà tí a parí iṣẹ́, mo fi ẹsẹ̀ rìn nínú yìnyín lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ẹran ọ̀sìn. Obìnrin kan ń bẹ níbẹ̀ tó ń sin irú ẹranko yìí fúnra rẹ̀. Ó bèèrè bóyá ẹ̀jẹ̀ jáde, ó bèèrè bóyá abo wà nítòsí, ó bèèrè bí àgò wọn ṣe tóbi tó. N kò rántí ìgbà tí ẹnìkan bi mí ní ìbéèrè tó bẹ́ẹ̀ nípa ilé wa láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí. Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé abo náà jìnnà réré. Ó ní bí a kò bá fẹ́ kí wọ́n di àlejò síra wọn, kí wọ́n fi àwọ̀n onírin pín àgò náà sí méjì. Oúnjẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan á dá wà, omi rẹ̀ á dá wà, ibi tó ń sá sí á dá wà, ṣùgbọ́n wọn yóò máa rí ara wọn. Mo bi í bóyá wọ́n á tún lè gbé pọ̀ lẹ́yìn náà. Ó ní òun kò lè ṣèlérí ìyẹn.

Mo fi í sọ́kàn pé ọjọ́ kejì ni n ó pè yín, nítorí Sátidé ni a fàdéhùn sí pé Fúnkẹ́ ń bọ̀. N kò mọ̀ pé ó ti rí ọkọ̀ tó ń ti Ìfọ́n bọ̀ ní Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ó sì bá a wá.

Nígbà tí mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù mi ní àkókò ìsinmi lọ́jọ́ Ẹtì náà, fóònù mi kún fún ìpè yín. Mo pè padà. Fúnkẹ́ ló gbé e, ẹkún ló fi dá mi lóhùn. Ó ní bí òun ṣe wọlé tí òun ní òun wá mú Ṣúgà ni Dayọ̀ ti lọ sẹ́yìn ilé. Ìgbà tí wọ́n máa wò ó, kò sí Dayọ̀, kò sí Gàrí, kò sí Ṣúgà. Wọ́n ti dé ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti dé ilé-ìwé. Àwọn ọlọ́kadà ti gba ọ̀nà Ọ̀wọ̀ lọ, wọ́n ti bèèrè títí dé inú ìlú. Mo gbọ́ ohùn yín lẹ́yìn rẹ̀, tí ẹ ń ké orúkọ ọmọ náà. N kò gbọ́ ohùn yín bẹ́ẹ̀ rí, kódà ní ọjọ́ tí a sin Màmá.

Ẹ mọ ohun tí àwa ará Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ máa ń kọ́kọ́ rò láyé ìsinsìnyí bí a kò bá rí ènìyàn kan. Mo rò ó. N kò ní kọ ọ́ síbí. Ọ̀gá wa yọjú, ó ní àkókò ti tó. Mo mi orí sí i pé n kò lọ. Ó wo ojú mi, ó pa ilẹ̀kùn dé. Mo dúró pẹ̀lú bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀ mi, mo fi fóònù mọ́ etí, mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn tó ń sáré nínú ọgbà wa ní Ìsùàdà, n kò sì lè gbé ẹsẹ̀ kan níbẹ̀. Ẹni tó bá ti jìnnà sílé rí yóò mọ ohun tí mò ń wí.

Ìyá Ráṣídà ló rí i. Ó ń ti ọjà bọ̀, ó gba ẹ̀yìn ilé wa, ó gbé tẹ̀tẹ̀ sínú ọ̀rá. Ẹ mọ̀ pé àwọn ẹranko náà kò lè gbọ́ kí ọ̀rá dún kí wọ́n má súfèé, nítorí inú ọ̀rá ni oúnjẹ wọn ti máa ń jáde. Ọ̀rá dún lọ́wọ́ ìyá náà, ìfé sì dáhùn láti inú ọkọ̀ Píjò yín àtijọ́ tó wà lábẹ́ igi kajú. Ó ṣí ilẹ̀kùn. Dayọ̀ wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn, òógùn bò ó bí ẹni tí wọ́n ju sódò. Ó gbé Ṣúgà sórí itan, ó fi Gàrí sínú báàgì ìwé rẹ̀, ó sì fi ara rẹ̀ dí àárín wọn kí wọ́n má baà jà. Ó ti gbé gbogbo gíláàsì sókè kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ ohùn wọn. Àwọn ẹranko náà ń mí lókè lókè. Dókítà ẹran, tó wá wo egbò Ṣúgà lọ́jọ́ náà, ní bó bá pẹ́ sí i díẹ̀, ooru ì bá ti pa wọ́n. Kò sọ ohun tí ooru ì bá ṣe fún ọmọ. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n.

Ìgbà náà ni ẹ bínú, Bàbá mi, ó sì tọ́ kí ẹ bínú. Fúnkẹ́ ti ṣí ohùn fóònù sílẹ̀, gbogbo ènìyàn ń gbọ́ mi, èmi náà ń gbọ́ wọn. Ẹ ní ó ti parí, kí Fúnkẹ́ gbé Ṣúgà máa lọ ní ìṣẹ́jú yẹn. Dayọ̀ bú sẹ́kún. Ohùn yín wá rọ̀, ẹ ní kó má sunkún mọ́, pé oṣù tó ń bọ̀ Ṣúgà á ti padà.

Ibẹ̀ ni mo ti já lu ọ̀rọ̀ yín. Mo ní ẹ dúró. Mo ní kò ní padà, ẹ sì mọ̀ pé kò ní padà. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má tún fi oṣù tó ń bọ̀ tan ọmọ yẹn mọ́, àti nípa ẹran, àti nípa mi. Mo ní Ṣúgà kò lọ sí Ìfọ́n.

Mo gbọ́ tí dókítà ẹran wúkọ́. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ àwọ̀n onírin náà. Dókítà ní ó ṣeé ṣe, pé òun kò dámọ̀ràn rẹ̀ nítorí òun rò pé kò sẹ́ni tó máa fẹ́ ṣe irú wàhálà bẹ́ẹ̀ lórí ẹran tí kò tó ehoro. Fúnkẹ́ ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ẹ wọ yàrá ẹrù lọ, ẹ gbé àwọ̀n tó ṣẹ́kù nígbà tí ẹ ń sin adìẹ jáde, ẹ jókòó sórí àpótí, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Ó ní ẹ kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó ní àwọ̀n náà ya yín lọ́wọ́, ẹ nu ẹ̀jẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ẹ ń gé e lọ. Mo sunkún nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn ju bí mo ṣe sunkún nígbà tí wọ́n rí Dayọ̀ lọ.

Nígbà tí ó fara balẹ̀ tán, Dayọ̀ bi mí bóyá wọ́n á tún jọ gbé pọ̀. Mo ní n kò mọ̀, àti pé ó jọ pé rárá. Ó wá bèèrè tèmi. Mo sọ òótọ́ fún un: pé mo béèrè físà Kánádà fún un, wọ́n kọ̀ ọ́, pé mo ti tún béèrè, pé n kò mọ oṣù tí wọn yóò dáhùn. Ó wá bèèrè bóyá nítorí ohun tí òun ṣe ni wọ́n fi kọ̀ ọ́. Mo ní rárá, ọmọ mi, kò sí ohun tí o ṣe. Ó ní ó dáa. Ó ní òun fẹ́ lọ bu omi fún wọn, nítorí abọ́ wọn ti di méjì báyìí.

Fúnkẹ́ gbé abo náà padà sí Ìfọ́n. Egbò Ṣúgà ti jinná, bí etí rẹ̀ kò tilẹ̀ ní dọ́gba mọ́. Ní ọjọ́ tí wọ́n fi Gàrí àti Ṣúgà sí ojú kan nínú pálọ̀ láti dán wọn wò, tí Fúnkẹ́ mú táwẹ́ẹ̀lì dání nítorí ìjà, mo ń wò wọ́n lórí fóònù. Gàrí gbóòórùn Ṣúgà, ó nu imú mọ́ ọn, inú gbogbo wa dùn. Lẹ́yìn náà, irun ọrùn rẹ̀ dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í payín keke. Kò sí àgbàlagbà tó fẹ́ sọ ọ́ jáde. Dayọ̀ fúnra rẹ̀ ló ní ó tó, kí wọ́n dá wọn padà síbi tí kálukú wà. Kò sunkún. Ó gbé Ṣúgà, Fúnkẹ́ gbé Gàrí. Báyìí, ẹ̀gbẹ́ àwọ̀n ni wọ́n máa ń sùn sí, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún.

Bàbá mi, mo mọ ìdí tí ẹ fi ń sọ oṣù tó ń bọ̀. Ẹ̀yin lẹ ń rí ojú ọmọ náà nírọ̀lẹ́, èmi kò rí i. Ẹ ń sọ ọ́ kó lè rí oorun sùn ni. N kò dá yín lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ó ti gbọ́n ju ọ̀rọ̀ yẹn lọ. Bó bá tún bi yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún un pé a kò tíì mọ̀. Ohun tí mo sọ lọ́jọ́ náà, n kò lè kó o jẹ. Bí mo ṣe sọ ọ́ ni mo ń tọrọ àforíjì fún, ní gbangba gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ṣe é ní gbangba. Bí ìbínú bá ṣì kù níkùn yín, n ó pè lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Ẹ bá mi wí. Ẹ bá mi wí títí yóò fi tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹ ṣáà má gbé fóònù fún Dayọ̀ kí ẹ tó bá mi wí tán.

Ọlọ́run yóò fún yín ní ẹ̀mí gígùn nínú àlàáfíà. Ọwọ́ tí ẹ fi ń tọ́jú ọmọ mi kò ní ṣẹ́. Ẹ ó jẹun ọmọ, ẹ ó sì jẹun ọmọ-ọmọ. Ọ̀nà ilé wa yóò tún rọ̀ fún ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀. Ẹ kí gbogbo ará Ìsùàdà, ẹ kí àwọn àgbà ìjọ, ẹ kí àwọn ọlọ́kadà tó bá wa wá ọmọ wa, ẹ kí dókítà ẹran, ẹ sì kí ẹnikẹ́ni tó bá bèèrè mi.

Èmi ni ọmọ yín tó ń retí ohùn yín,
Rónkẹ́